Pátákó Tí Baálé Jókòó Lé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì dára láti kọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ṣe é ju ogójì ọdún lọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ni tèmi. Ti pẹtiróòlù, mi ò fọwọ́ kàn án àfi tí ebi bá ń pa mí, ebi ò sì fi bẹ́ẹ̀ pa mí. Owó tó wà níbẹ̀ tó jẹun, ó tó kọ́ yàrá mẹ́rin sí Ṣakí, ó tó rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá ń wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ máa ṣe òṣèlú. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀. Ẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹni tí kò bá bẹ̀rù ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo péré ni mo gbàgbé ẹ̀rù tèmi sílé, díẹ̀ ló sì kù kí n pa odidi agbo ilé kan ní Òfìkì.

Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Lásìsì. Bàbá mi ló mú mi lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, bàbá mi bá wọ mọ́tò padà sílé, ó wá ku èmi nìkan. Ọ̀gá Lásìsì kúrú, ó dúdú, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í na ọmọ iṣẹ́. Ẹ má tíì yọ̀. Ọ̀gá tó ń nani, bó bá ti nani tán, ó tán. Ti Ọ̀gá Lásìsì kì í tán. Bí o bá ṣe àṣìṣe, wàá tú gbogbo ohun tí o dè, wàá tún un dè. Bí kò bá tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá tún tú u. Òun á jókòó tì ọ́, á máa jẹ obì, kò ní sọ nǹkan kan. Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó sunkún nítorí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ẹ ṣáà mọ Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè. Nígbà náà, ojúlé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tí wọn kì í ti í hunṣọ. Àjákù òwú wà nílẹ̀ níbi gbogbo, ọ̀fẹ́ ni, ó rọ̀, ó sì ń fa epo mu. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tuntun tí kì í kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù láti fi nu irin. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún wa pé òwú kò gbọdọ̀ kan nọ́sù, ìyẹn irin kékeré tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Aṣọ funfun tí a ti fọ̀, tí a sì ti gbọ̀n dáadáa, ni kí a tẹ́ sílẹ̀ fún un. Mo gbọ́. Mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé nínù ẹ̀ẹ̀kan ò lè pa ẹnikẹ́ni.

Lọ́rì tí mo de nọ́sù náà mọ́ kó ẹrù iṣu, ó kú sí ẹ̀bá Òkèhò. Ọ̀gá mú mi lọ síbẹ̀. Ó tú nọ́sù náà fúnra rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú mi: fọ́nrán òwú pupa kan, bí irun ìpéǹpéjú, ló dí i. Kò bú mi. Ó ní kí n dúró ti lọ́rì náà títí yóò fi ṣeé wà, ó sì wọ mọ́tò mìíràn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo lò lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń tú, mo ń fọ̀, mo ń dè. Awakọ̀ ń fún mi lóúnjẹ, ó sì ń bú mi lórí oúnjẹ náà. Ẹ lè rò pé ọ̀gá mi burú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo tiẹ̀ ṣépè fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, òwú kò kan nọ́sù kankan lọ́wọ́ mi.

Òfin tó ju gbogbo òfin lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ni ti pátákó. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní iná tó ń ṣáná sí i. Bí o bá pa iná yẹn, ó kú. Dísẹ̀lì ò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí epo, tó rí atẹ́gùn fà, ó ń lọ nìyẹn. Bí epo bá wá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ibi tí ìwọ kò mọ̀, yóò máa sáré, eré náà yóò máa pọ̀ sí i, kọ́kọ́rọ́ ò ní ràn án mọ́, títí irin inú rẹ̀ yóò fi já, tí yóò sì fò jáde bí ọta. Ohun kan ṣoṣo ló lè pa á nígbà náà: kí o dí ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn. Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n fi ń dí i, yóò fà á mì. Kì í sì í ṣe ọwọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ dí i. Ọwọ́ òsì ló fi ń kí ènìyàn títí ó fi kú. Pátákó ni. Pátákó tó nípọn, tí ojú rẹ̀ dán. Kí a tó jí dísẹ̀lì tí kò sí nínú mọ́tò, ọ̀gá á bèèrè pátákó. Bí o bá ní ó wà nínú ilé, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn, a ò ní jí i mọ́.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo padà sí Ṣakí, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà lọ sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Mo gbéyàwó, mo kọ́ ọmọ iṣẹ́, mo bá awakọ̀ jà, a tún parí ìjà. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀, igi mẹ́ta la ń rì mọ́lẹ̀, tí a ó so ẹ̀wọ̀n mọ́ orí rẹ̀, kí a tó lè gbé ẹ́ńjìnnì jáde. Irin gígùn la fi ń yí i kó tó jí, bó bá sì ta ọ́ padà, ó lè dá ọ lápá. Etí la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: a ó fi imú sukuudíráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, a ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, a ó máa gbọ́ ohun tó ń dun irin nínú. Lónìí, àwọn ọmọ tó jáde ní Poli á ki wáyà bọ mọ́tò, kọ̀ǹpútà á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Mi ò bá wọn jà. Mo ra ọ̀kan, ọmọ mi ló ń bá mi kà á. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ò ní ibi tí wọn yóò ki wáyà sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń wá èmi arúgbó kiri.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Sàfúrà fi wá mi kàn. Ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni. Ó gun ọ̀kadà láti Òfìkì, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n fún un lómi kó tó kúnlẹ̀. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló ni lọ́rì tó fi ń kó iṣu, òun náà ló ń wà á. Ọdún kọkànlá rèé tí bíréèkì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, lọ́rì náà re kòtò, ọkọ kú. Gbogbo ara lọ́rì fọ́ wómúwómú, àfi ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹbí wọ́ ọ wá sílé, wọ́n gbé e lé orí ìtì igi méjì lábẹ́ igi èmì tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Irin tó pa olówó rẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Baálé ilé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti wá bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e ní ọjọ́ Àlàmísì. Ìyá Sàfúrà ń sá iṣu, ó ń ta èlùbọ́. Àgọ́-Àrẹ ló ń ru iṣu gbígbẹ lọ láti lọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà nítòsí wọn ti dẹnu kọlẹ̀. Ó ti bẹ Baálé pé kó fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ fún òun, kí òun fi máa lọ èlùbọ́. Baálé ní òkú irin ò lè lọ nǹkan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá lè jí i kó tó di Àlàmísì, kó máa lò ó. Bí kò bá jí, kí wọ́n gbé e lọ, kí gbogbo ilé sì sinmi.

Mo sọ fún un pé mo ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù fún irin tó wà lóòrùn àti òjò, pé ó ṣeé ṣe kó ti dípẹtà tán nínú. Kò bá mi jiyàn.

"Ọ̀gá," ó ní, "òun nìkan ló kù lọ́wọ́ mi lára ọkọ mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú, mo ti wà ní Òfìkì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ mi àti pátákó mi.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Kò sí koríko lára rẹ̀, kò sí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn, ìdérí agolo wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi àkísà so ó mọ́lẹ̀ pinpin. Mo bèèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Sàfúrà wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé kó tó dá mi lóhùn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ òun bá pé ọdún tó ti lọ, òun máa ń fi epo pupa tù ú, kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà. Baálé ti lọ sí Mẹ́kà rí, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gbọ́ pé ìyàwó ilé òun ń fi epo tu irin lójú, ọ̀rọ̀ á di ńlá. Ó yé mi, mo mi orí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo rò pé ó ń fi epo pa á lára ni. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò bèèrè, torí pé mo fẹ́ bò ó láṣìírí.

Mo tú nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da dísẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ kó máa mu. Ọjọ́ Ajé, mo fi irin gígùn yí i, kò mì. Mo tún da òmíràn sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò mì. Àwọn obìnrin ilé ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ètè, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá n ó fẹ́ kí wọ́n bá mi tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wù mí kí n fi òòlù lù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní ń nini lára. Mo jókòó tì í. Ìyá Sàfúrà náà jókòó ní ọ̀ọ́kán, ó ń bẹ iṣu, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ mi.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni irin náà mì lọ́wọ́ mi. Kò ju ìbú èékánná lọ. Mo dá a padà, mo tún tì í, ó lọ sí i. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti ń yí po. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀, mo rí ara irin tó ń dán, kò sí ìpẹtà. Ọdún mọ́kànlá! Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló dáàbò bò ó. Inú mi dùn jù láti bèèrè. Mo tú pọ́ǹpù, mo fọ̀ ọ́, mo fọ nọ́sù lórí aṣọ funfun, mo yẹ wáyà tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fò: páìpù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Nọ́ọ̀tì méjì lára rẹ̀ ti dípẹtà, ó máa gbà mí tó àárọ̀ sí ọ̀sán kí n tó tú wọn, Àlàmísì sì ti dé tán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé gbẹ táútáú. Mo ní ó ti tó.

Ní àárọ̀ Àlàmísì, ọyẹ́ mú débi pé irin ń jó mi lọ́wọ́. Gbogbo agbo ilé ti yí wa ká. Mo ti gbé pátákó mi lé orí bíríkì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọwọ́ mi yóò ti tó o. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń so wáyà mọ́ bátìrì. Ìgbà tí mo gbé orí sókè, Baálé ti jókòó lé pátákó náà.

Ẹ bá mi rò ó. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nínú ilé rẹ̀. Níwájú àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ-ọmọ. Mo ń wá bí n ó ṣe sọ pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ohun tí ẹ jókòó lé ni mo fẹ́ lò. Mo la ẹnu, Baálé ṣe bí ẹni pé ìkíni ni mo fẹ́ kí òun, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní òun ti jókòó, kí n bẹ̀rẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Mo sọ fún ara mi pé wáyà tí a fi ń pa á ń ṣiṣẹ́, pé a ò ní nílò pátákó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ojú bá ń tì yín láti sọ fún àgbà pé kó dìde, ẹ yáa lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Mo ní kí Ìyá Sàfúrà sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo fi bátìrì yí i.

Ó yí, ó wúkọ́, èéfín dúdú bò wá. Ó kú. Mo tún yí i. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó bá gbà. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Ajé dákẹ́. Ìyá Sàfúrà fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀, nítorí pé ohùn náà ni ohùn tó máa ń gbọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń wọlé bọ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Baálé mi orí, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo dúró, mo jẹ́ kí irin gbóná díẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Mo gbọ́ ọ kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ: ohùn rẹ̀ gòkè díẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo rò pé pọ́ǹpù ni, mo dín in kù. Ohùn tún gòkè. Mo fa wáyà tó yẹ kó pa á. Kò gbọ́. Mo tún fà á, mo fi ẹsẹ̀ ti ara igi, mo fà á títí ó fi já sí mi lọ́wọ́. Mo gbé sípánà, mo já páìpù dísẹ̀lì kúrò lára rẹ̀, dísẹ̀lì ń dà sílẹ̀ lójú mi, kò sí ẹ̀kán kan tó tún ń wọ inú ẹ́ńjìnnì láti ibẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ẹ́ńjìnnì náà ń ké, ó ń fò lórí ìtì igi. Èéfín rẹ̀ ti di funfun, ó sì ń rùn. Òórùn àkàrà ni. Òórùn epo pupa tó ń jóná lórí iná.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Kì í ṣe ara ni obìnrin yìí ń fi epo pa. Ẹnu ló ń dà á sí.

Ọ̀rọ̀ di bóò-lọ-o-yà-fún-mi. Gbogbo èrò sá, wọ́n ń gbá ọmọ mọ́ra. Ẹni méjì ló dúró. Ìyá Sàfúrà, tí kò mọ̀ pé ikú ló ń bọ̀. Àti Baálé, tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè yára dìde, ó kàn di ẹ̀gbẹ́ pátákó mú, ó ń wo irin tó ń fò níwájú rẹ̀. Mo nawọ́ sí i, mo pariwo pé pátákó, pátákó, ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Sàfúrà wo ọwọ́ mi, ó wo ibi tí mo nà án sí. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ fún Baálé. Baálé ò gbọ́.

Ìyá Sàfúrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di pátákó náà mú, ó fà á yọ lábẹ́ Baálé.

Baálé ṣubú sẹ́yìn, fìlà lọ lọ́tọ̀, tẹ̀sùbáà já. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn. Ó gbé pátákó lé mi lọ́wọ́, mo fi lé ẹnu ẹ́ńjìnnì, ó fà á mọ́ra pẹ́kí, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó mi gbogbo ilẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí etí mi là, adìẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ènìyàn ń yọjú lẹ́yìn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálé ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyàwó ilé ló sì gbé e ṣubú lójú gbogbo ayé. Ìyá Sàfúrà ti dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀. Baálé dìde fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó sì wọ inú ilé lọ.

Àwọn obìnrin ní ayé ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀kan ní kó tẹ̀lé e kó lọ bẹ̀bẹ̀. Kò dìde. Èmi ò lè jókòó lásán, mo gbé òòlù, mo ṣẹ́ nọ́ọ̀tì méjì tí mo ti fò lánàá, mo tú páìpù náà. Epo pupa dà sílẹ̀, ó pọ̀. Ní igun rẹ̀, ó ṣì dì bí òrí. Ọyẹ́ ló mú un dì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i. Ìgbà tí irin gbóná, ó yọ́, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Ìyá Sàfúrà gbé orí sókè, ó rí i.

"Epo mi nìyẹn," ó ní. "Ẹnu la fi ń jẹun. Mo ní kó jẹ, kó yó, kó má ṣe ẹlòmíràn bó ti ṣe ọkọ mi."

Mo sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Mo ní epo yẹn náà ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dípẹtà láti ọdún mọ́kànlá wá, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, n kì bá tí lè yí i. Ojú tì mí bí mo ti ń sọ ọ́. Ìgbà tí mo yíjú, Baálé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ó ti wọ fìlà mìíràn.

Ó bi mí pé kí ló mú irin náà ya wèrè. Epo pupa wà nílẹ̀ láàárín wa, kò sí bí mo ṣe lè bò ó.

"Bàbá, ẹ̀bi mi ni," mo ní. "Ó yẹ kí n tú páìpù yìí lánàá, mi ò tú u. Ó sì yẹ kí n sọ fún yín pé kí ẹ dìde lórí pátákó, ojú ń tì mí. Bí kò bá sí obìnrin yìí, òkú wa ni wọn ì bá máa gbé."

Baálé wo epo, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì náà tún lè jí. Mo ní yóò jí, bí mo bá ti fọ inú páìpù rẹ̀. A ṣì dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún níwájú ilé. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dé.

Ìyá Sàfúrà di eruku mú lọ́wọ́ méjèèjì. Baálé rìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá wọn lójúde. A gbọ́ tí wọ́n ń kí i, tí wọ́n ń bèèrè irin tó ní kí wọ́n wá gbé.

"Kò sí irin àlòkù nílé yìí," ni Baálé wí. "Ẹ́ńjìnnì ìyàwó wa ló wà níbí, iṣẹ́ ló fi ń ṣe."

Ó dúró títí ọkọ̀ wọn fi yí padà. Ìgbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ níbi tó ti ṣubú.

"Ìyàwó, dìde níbẹ̀," ó ní. "Wá bá mi ṣa tẹ̀sùbáà mi."

Ó dìde, ojú rẹ̀ kún fún omijé, èmi náà bẹ̀rẹ̀ mo sì bá a ṣà á. Ó pẹ́ kí a tó rí gbogbo rẹ̀, nítorí pé epo ti bá ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà sì ń yọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.